Ọdún karùn-ún rèé tí mo ti ń sanwó áàpù yìí, ẹni tó dé lánàá ń san ìdajì owó mi

Bàbá_Péńtì: Ẹ káàárọ̀ o. Péńtì ni mò ń tà lẹ́bàá Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́ níbí. Áàpù kan wà tí mo fi ń ṣírò ọjà, rìsíìtì o, gbèsè táwọn èèyàn jẹ mí o, gbogbo ẹ̀ ló wà níbẹ̀, mi ò sì jẹ wọ́n lówó oṣù kan rí, kódà nígbà tí wọ́n fowó lé e lẹ́ẹ̀mejì. Àfi lánàá tí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ṣọ́ọ̀bù lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní kí n wá bá òun gbé e sórí fóònù, a tẹ̀ ẹ́ títí a fi débi owó, ₦3,500 lóṣù, oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ sì jẹ́ ọ̀fẹ́! Mo yọ tèmi jáde, ₦7,000. Ọmọ yẹn wo fóònù méjèèjì, ó ní "Bàbá, àbí ẹ̀ ń san tèmi mọ́ tiyín ni?" Ẹ̀rín ń pa á, inú ń bí mi. Lọ́jà tiwa, ṣebí oníbàárà tó ti pẹ́ là ń fún léèènì?

Ọmọ_FUTA: Bàbá, ẹ má bínú, wọ́n mọ̀ pé ẹ ò lè lọ ni. Ìwé gbèsè yín wà lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí software ṣì wà nínú páálí, ẹni tó bá ní ti tẹ́lẹ̀ ló ń ra tuntun ní ẹ̀dínwó. Ọdún 2013 ni Adobe, àwọn tó ń ṣe Photoshop, ní àwọn ò ṣe Creative Suite, ìyẹn àkójọ software wọn tí èèyàn ń rà lẹ́ẹ̀kan, mọ́, ẹ̀dà CS6 ló kẹ́yìn, kálukú bẹ̀rẹ̀ sí í san oṣooṣù. Èèènì yẹn náà bá a lọ.

Kóòdù_ni_iṣẹ́: Kì í ṣe gbogbo wọn o. JetBrains tó ń ṣe irinṣẹ́ fún àwa tí à ń kọ kóòdù, tẹ́ ẹ bá ń san ọdọọdún, wọ́n ń yọ 20% lọ́dún kejì, ó di 40% láti ọdún kẹta. Bàbá náà ṣá, ẹ sọ òótọ́, ọjọ́ tẹ́ ẹ ṣí ṣọ́ọ̀bù, ṣé ẹ ò ta péńtì lówó pọ́ọ́kú káwọn èèyàn lè yà?

Bàbá_Péńtì: Mo tà á. Ọ̀sẹ̀ kan péré! Mi ò sì torí ẹ̀ fowó lé ti oníbàárà kankan.

Ìyá_Ìbejì_Oǹdó: Ẹ̀yin ẹ ṣì ń jà. Bàbá, ẹ tẹ Cancel. Èmi tẹ tèmi lọ́dún tó kọjá, wọ́n bi mí pé kí ló dé, mo ní owó ti wọ́n jù, kíá ni wọ́n gbé ìdajì owó fún oṣù mẹ́fà jáde, owó tí wọ́n ti ń gbé pamọ́ fún mi láti ọjọ́ yìí. Ẹ ṣáà kọ́kọ́ da gbogbo àkọsílẹ̀ yín sí Excel o.

Bàbá_Péńtì: Mo ti dà á, ìyá ìbejì. Orúkọ àwọn oníbàárà wà níbẹ̀, nọ́ńbà fóònù wọn wà níbẹ̀. Gbèsè wọn ni mi ò rí.

Ọmọ_FUTA: Háà. Ẹ má tíì tẹ Cancel o. Mò ń bọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù.