Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: wọn ò jẹ́ kí n ṣe ìrántí ọ̀rẹ́ mi tó kú sẹ́nu iṣẹ́ ológun

Néfì Àná:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Láti ọjọ́ Ẹtì ni oorun ò ti kùn mí.

Ọ̀rẹ́ mi kan wà tí a jọ ṣiṣẹ́ ní néfì. Ọmọ Láfẹ́nwá l'Abẹ́òkúta níbí ni, inú odò Ògùn ló ti kọ́ ìwẹ̀. Ìdí nìyẹn tí gbogbo wa fi ń pè é ní Ọmọ Yemọja, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti tọ́ ọ. Òmùwẹ̀ ni, atúbọ́ǹbù sì ni. Bí bọ́ǹbù bá wà nísàlẹ̀ omi, èèyàn ló máa rì lọ bá a. Omi ọ̀hún á dúdú bí aró Ìtòkú, ọwọ́ lèèyàn fi ń ríran níbẹ̀. Àwọn bọ́ǹbù kan sì wà tó ń gbọ́ òórùn irin. Torí ẹ̀ ni wọ́n fi ike alágbára ṣe ara ọkọ̀ Ohue àti Maraba, àwọn ọkọ̀ tí ń wá bọ́ǹbù inú omi, tí ìjọba rà ní Ítálì. Iṣẹ́ tí ọ̀rẹ́ mi ń ṣe nìyẹn. Bọ́ǹbù tó sì pa á, ti ogun Biafra ni. Ó ti wà nínú ẹrẹ̀ kí wọ́n tó bí i.

Ọdún méjìlélógún rèé. Lọ́dọọdún ní 15 January, ọjọ́ ìrántí àwọn ológun tó ti kú, wọ́n á fi òdòdó lélẹ̀ ní Òkè-Mọ́sàn, wọ́n á yìnbọn, wọ́n á tú ẹyẹlé sílẹ̀, kò sẹ́ni tó máa dárúkọ rẹ̀. Mo lọ bá ẹgbẹ́ àwa tí a ti fẹ̀yìntì. Akọ̀wé ní kí n mú lẹ́tà wá. Mo mú lẹ́tà wá, ó ní ó ku fọ́tò méjì. Mo mú fọ́tò wá, wọ́n ní ó ti rìnrìn àjò.

Mo wá ní kí n ṣe tèmi. Mo lọ ṣe báńà ní Kútọ̀. Oníbáńà fi àwòrán ṣọ́jà Amẹ́ríkà sẹ́yìn ọ̀rẹ́ mi! Mo ní kó tún un ṣe, kó kọ ọ́ pé: "Sùn re o, Ọmọ Yemọja. Láti ọwọ́ ọ̀rẹ́ tó wà lọ́dọ̀ rẹ títí dópin." Ó kọ "ọ̀rẹ́" ní "ọrẹ", bí ẹni pé sàráà ni mo wá gbà. Ìgbà kẹta ló tó kọ ọ́ re.

Mo gbé e lọ sílé wọn kí a so ó síwájú ilé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kà á, ó ká a, ó fi lé mi lọ́wọ́, ó ní tí òun bá tún rí mi níbẹ̀, òun á tú ajá sí mi. Ajá! Èmi tí mo gbé pósí àbúrò rẹ̀!

Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé mo lè so ó síbòmíràn láìgbàṣẹ lọ́wọ́ wọn?

Ìyá Aládìrẹ:
Ẹ pẹ̀lẹ́, bàbá. Ọlọ́run á dẹlẹ̀ fún un. Ẹ fi báńà sílẹ̀, aṣọ àdìrẹ ni kẹ́ ẹ fi ṣèrántí. Ìtòkú ni mo wà, ẹ bá mi sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀.

Ọmọ Lísàbí:
Ẹ lọ sí bárékè Alámàlà, ẹ béèrè ọ̀gá wọn.

Sájẹ́ńtì Kọ̀bọ́:
Ṣọ́jà oníbọn ńlá ló wà ní Alámàlà. Kí ló kàn wọ́n nínú ọ̀ràn néfì? Àti pé 11 November ni ọjọ́ ìrántí gangan. Ẹni tí ò bá mọ̀ kó dákẹ́.

Ọmọ Lísàbí:
Bàbá, ìyẹn ti di àná. 15 January 1970 ni Effiong tó ṣojú Biafra wá juwọ́ sílẹ̀ fún Gowon, olórí ìjọba Nàìjíríà, ní Dodan Barracks, ọjọ́ yẹn ni ìjọba wá gbé e sí.

Àbẹ̀kẹ́:
Ẹ má jà níbí o. Bàbá, kí ló bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nínú? Ẹ ò sọ.

Néfì Àná:
Ọ̀rọ̀ ẹbí ni, ẹ mọ bí ẹbí ṣe rí. Àmọ́ ohun tí Ọmọ Lísàbí sọ yẹn gan-an ló ń dùn mí. Ọjọ́ tí ogun yẹn parí là ń ṣe ìrántí, bọ́ǹbù ogun yẹn ló pa á, síbẹ̀ wọn ò kà á mọ́ àwọn tógun pa. 2011 ni Nàìjíríà tó kéde fáyé pé òun ti hú àwọn bọ́ǹbù tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ tán. Ogun tó parí ní 1970 nìyẹn?

Ìyá Ìbejì Àdàtán:
Ẹ má dárúkọ bọ́ǹbù fún mi o. Ọjọ́ Àìkú, 27 January 2002, Ìsọlọ̀ ni mo wà nígbà tí àwọn bọ́ǹbù bárékè Ìkẹjà bẹ̀rẹ̀ sí í dún. A sáré, a ò mọbi tí à ń sá lọ. Ó lé lẹ́gbẹ̀rún èèyàn tó lọ, ọ̀pọ̀ wọn ló sì jẹ́ pé inú omi Òkè-Àfà ni wọ́n kó sí, bọ́ǹbù ò kàn wọ́n. Bàtà ẹsẹ̀ kan ni mo wọ̀ délé. Dòní, tí wọ́n bá ta nọ́káòtù nígbà Kérésì, abẹ́ tábìlì lẹ máa bá mi.

Alhaji Panṣẹ́kẹ́:
Ẹ ṣe fìdáù fún un, ẹ pín mọ́sà.

Àbẹ̀kẹ́:
Alhaji, wọ́n ní ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni.

Alhaji Panṣẹ́kẹ́:
Ṣé ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì kì í jẹ mọ́sà ni?

Àbẹ̀kẹ́:
Bàbá, mo tún béèrè. Ẹ gbé pósí, ẹ wà lọ́dọ̀ rẹ̀ títí dópin. Kí lẹbí ń bínú sí?

Néfì Àná:
Wọ́n kan pósí pa ni. Àwọn ọ̀gá ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣí i. Ìyá rẹ̀ ní yanrìn ló wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń sọ títí dòní. Ṣé èmi ni mo kàn án?

Sájẹ́ńtì Kọ̀bọ́:
Bọ́ǹbù mà ni. Kí ni wọ́n fẹ́ ṣí i wò? Kí ló máa kù?

Néfì Àná:
Ẹ ò mọ̀ ọ́n, Sájẹ́ńtì. Ọ̀tọ̀ ni tinú omi. Omi ò ṣe é fún pọ̀ bí afẹ́fẹ́, ṣe ló máa gbé agbára bọ́ǹbù náà lọ jìnnà, ẹ̀dọ̀fóró ló sì máa gbá. Ó ti kúrò nídìí ẹ̀, ó ń bọ̀ lókè. Odindi ni. Kò sójú ọgbẹ́ lára rẹ̀, àfi ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ nímú. Bí ẹni tó sùn ló rí.

Àbẹ̀kẹ́:
Wọ́n kan pósí pa. Báwo lẹ ṣe mọ̀?

Néfì Àná:
Torí èmi ni mo fà á jáde.

Òmùwẹ̀ kì í dá lọ, ẹnì kan gbọ́dọ̀ di okùn rẹ̀ mú lókè. Tí mo bá fà á lẹ́ẹ̀kan, mò ń béèrè pé ṣé kò sí. Lẹ́ẹ̀mẹrin, kó máa bọ̀ lókè. Mo fà á lẹ́ẹ̀mẹrin, ó fà á padà lẹ́ẹ̀mẹrin. Lẹ́yìn náà ni omi ru sókè. Mo fà á lẹ́ẹ̀kan. Mo tún fà á lẹ́ẹ̀kan.

Wọ́n ní a ò gbọdọ̀ sọ nǹkan kan fẹ́bí. Lọ́jọ́ ìsìnkú, ìyá rẹ̀ di ọwọ́ mi mú, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé o wà lọ́dọ̀ rẹ̀?" Mo ní rárá, mo ní Èkó ni mo wà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dúró tì wá.

Àbẹ̀kẹ́:
Háà. Ẹ wá kọ "tó wà lọ́dọ̀ rẹ títí dópin" síwájú ilé wọn.

Sájẹ́ńtì Kọ̀bọ́:
Ẹ foríjì mí fún èyí tí mo sọ lókè. Àṣẹ ni wọ́n pa fún ọ, àbúrò. Mo mọ̀ ọ́n.

Ìyá Ìbejì Àdàtán:
Àṣẹ wo? Ọdún méjìlélógún? Abiyamọ ń ro yanrìn lójoojúmọ́, ẹ̀yin ń wá ibi tẹ́ ẹ máa so báńà sí! Ẹ má bínú, ara ló ta mí.

Ọmọ Lísàbí:
Ṣé màmá ṣì wà?

Néfì Àná:
Wọ́n wà. Wọ́n ti lé lọ́gọ́rin. Ojú ti ń ṣe bàìbàì, àmọ́ etí wọn ṣì pé.

Àbẹ̀kẹ́:
Ẹ má gbé báńà lọ. Ẹ dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lójúde, kó fi ìyà tó bá fẹ́ jẹ yín. Tó bá jẹ́ kẹ́ ẹ wọlé, ẹ sọ fún màmá pé odindi ni, bí ẹni tó sùn.

Ìyá Aládìrẹ:
Bàbá, mo ti kọ̀wé sí yín ní kọ̀rọ̀ o.

Néfì Àná:
Ajá ńkọ́?

Àbẹ̀kẹ́:
Ẹ jẹ́ kó gbó.

Néfì Àná:
Okùn náà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ṣé kí n mú un dání?

Ìyá Ìbejì Àdàtán:
Ẹ fi sílẹ̀ nílé lónìí, búrẹ́dì ni kẹ́ ẹ rà dání. Tí màmá bá béèrè okùn, ẹ padà wá mú un.