Ta ni ẹlẹ́gbin? Lórí orúkọ tuntun tí a fẹ́ fún kúrúnà

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ kú ìjíròrò. Arákùnrin wa tó ń túmọ̀ ìwé ìlera dábàá lánàá pé kí a máa pe kúrúnà, àrùn awọ tó ń mú ara yún ni (scabies), ní "àrùn ẹlẹ́gbin", nítorí pé èdè ìgboro ni kúrúnà lójú tirẹ̀. N kò fara mọ́ ọn rárá.

Ẹ jẹ́ kí a tú u palẹ̀. "Oní" pàdé "ẹ̀gbin", ó di "ẹlẹ́gbin". Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ yẹn gan-an ló bí mi nínú, nítorí pé kò sọ ohun tó ń ṣe awọ, ẹni tí ara ń yún ni ó sọ di ẹlẹ́bi. (Arákùnrin wa kò tilẹ̀ fi àmì ohùn kankan sí i nígbà tó kọ ọ́, egbin tí a fi ń yin arẹwà obìnrin ni ojú mi kọ́kọ́ rí.)

Ẹ̀gbin kọ́ ló ń fa kúrúnà. Kòkòrò tíntín kan ni, tí abo rẹ̀ ń gbẹ́ ihò sínú awọ, tó sì ń yé ẹyin méjì tàbí mẹ́ta síbẹ̀ lójúmọ́. Bí ara bá fara kan ara pẹ́, ó ti ràn nìyẹn. Bí bàbá, ìyá àti ọmọ márùn-ún bá ń sùn sórí ẹní nínú yàrá kan ṣoṣo ní Mushin, bí wọ́n tilẹ̀ ń wẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́, bí ọ̀kan nínú wọn bá kó o, ó lè kárí wọn. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó o fún ìgbà àkọ́kọ́ lè lo ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí ara tó bẹ̀rẹ̀ sí í yún un, tí yóò sì ti máa kó o ran ẹlòmíràn. Owó ìgò oògùn kan ni ìyá ní, ọmọ tó ń họra jù ni yóò fi pa lára; àwọn yòókù yóò tún kó o ràn án padà.

Ìyá àgbà mi mọ èyí. A lọ imí-ọjọ́ kúnná, a pò ó mọ́ àdín, a sì ya ìka wa wò lọ́kọ̀ọ̀kan lẹ́bàá fìtílà. Gbogbo agboolé ni ó ń pa á fún, títí kan èmi tí ara kò yún. "Kúrúnà ti wọlé" ni ó máa ń sọ, kò pe ẹnikẹ́ni ní ẹlẹ́gbin. Ohun kan náà ni àwọn olùwádìí fi ivermectin, oògùn tó ń pa kòkòrò náà, ṣe ní àwọn erékùṣù kan ní orílẹ̀-èdè Fiji, tí àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 2015: tonílé tàlejò ni wọ́n fún, àwọn tó ní i sì dín kù láti bíi 32 nínú 100 sí bíi 2 láàárín ọdún kan.

Ní 2017, Àjọ Ìlera Àgbáyé fi kúrúnà kún àwọn àrùn tí a pa tì ní ilẹ̀ olóoru. Ẹ wo ọ̀rọ̀ ìṣe yẹn, "pa tì": ẹni tó pa á tì ni ó ń nàka sí. Ìyẹn ni mo ń pè ní ìtumọ̀.

Ní ti ẹni tó sọ pé láti inú èdè Hausa ni ọ̀rọ̀ náà, kúrúnà, ti wá, ƙazuwa ni àwọn Hausa tí mo bá gbé ń pè é. Kí ó kọ́kọ́ fi ọ̀nà tí ƙazuwa gbà di kúrúnà hàn wá.