Owó Kúrò, Owó Kò Dé: Ìrírí Wa Lẹ́nu Ẹ̀kọ́ Sọ́fítíwià Ilé-Iṣẹ́ Ńlá ní Yunifásítì Orí Ayélujára

Ìbàdàn ni mo ń gbé. Iṣẹ́ akọ̀wé owó ni mo ń ṣe ní ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan kí n tó forúkọ sílẹ̀ ní yunifásítì kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó ń fi ayélujára kọ́ni ní bí a ṣe ń ṣe irú sọ́fítíwià tí báńkì, ilé ìwòsàn àti ilé-iṣẹ́ ìjọba ń lò. Mo ti mọ Java, èdè kan tí a fi ń kọ sọ́fítíwià, díẹ̀ nígbà náà, mo sì rò pé ohun tí wọn yóò kọ́ mi kò ní ju kóòdù tí ó gùn ju tèmi lọ. Àṣé bẹ́ẹ̀ kọ́ ni. Láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà àkọ́kọ́ títí dé òpin rẹ̀, ìbéèrè kan náà ni olùkọ́ wa ń tún bi wá: bí iṣẹ́ bá dá dúró lágbede-méjì, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí èyí tí a ti ṣe?

Ọmọ Nàìjíríà kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí ìbéèrè yẹn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí wọ́n pààrọ̀ náírà, tí owó bébà di ọ̀wọ́n gógó, tí gbogbo ìlú sì ya lọ sórí fóònù, mo fi 5,000 náírà ránṣẹ́ sí obìnrin kan tí mo ra gàrí lọ́wọ́ rẹ̀ ní Bódìjà. Owó kúrò lọ́dọ̀ mi, kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó ní kí n gbé gàrí òun kalẹ̀, n kò sì lè bá a jà, nítorí òótọ́ ni pé kò rí nǹkan kan gbà. Ọjọ́ kẹrin ni owó náà tó padà wá.

Nígbà tí a wá dé orí ohun tí wọ́n ń pè ní transaction ní kíláàsì, kíá ni ó yé mi. Yíyọ owó níbi kan àti fífi í síbòmíràn jẹ́ iṣẹ́ kan ṣoṣo. Bí apá kejì kò bá ṣeé ṣe, apá kìíní gbọ́dọ̀ padà bí ẹni pé kò wáyé rí. Nínú Spring, irinṣẹ́ Java tí a fi ń kọ́ ọ, ọ̀rọ̀ kan péré, @Transactional, ni ènìyàn ń kọ sórí iṣẹ́ náà, ọ̀rọ̀ kan péré yìí ni ó sì tàn mí jẹ. Mo kọ ọ́, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ mú kí iṣẹ́ náà kùnà lẹ́yìn tí ó ti yọ owó. Nígbà tí mo wo dátábéèsì, ibi tí sọ́fítíwià ń kọ àkọsílẹ̀ pamọ́ sí, 5,000 ti kúrò nínú àkáǹtì kìíní, kò sì sí nǹkan kan nínú èkejì. Bódìjà ti tún dé. Òru mẹ́ta ni mo fi wá ohun tí ó fà á kí n tó rí i pé Spring kì í torí gbogbo irú àṣìṣe dá iṣẹ́ padà. Bí ènìyàn kò bá pa á láṣẹ, RuntimeException àti Error, irú àṣìṣe méjì nínú Java, nìkan ni ó ń mú un dá a padà. Irú àṣìṣe tí èmi fọwọ́ ara mi ṣe, tí mo mú jáde láti ara Exception lásán, ó gbà pé mo ti mọ̀ nípa rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó sì fi owó náà sílẹ̀ níbi tí ó wà. Mo fi rollbackFor, àṣẹ tí ń sọ irú àṣìṣe tí yóò mú kí ó dá iṣẹ́ padà, kún un, ọ̀rọ̀ sì tán. Ìwé àlàyé Spring kò fi èyí pamọ́ rárá. Èmi ni n kò kà á dé ibẹ̀.

Iṣẹ́ àṣekágbá mi ni mo fẹ́ dúró lé lórí díẹ̀. Alájọ ni ìyá mi ní Dùgbẹ̀, mo sì pinnu láti ṣe sọ́fítíwià fún iṣẹ́ wọn. Káàdì àjọ wọn ní ojú 31, ojú kan fún owó ọjọ́ kan, owó ọjọ́ kan nínú oṣù sì ni ti alájọ. Ìṣòro tí mo ń sá fún ni pé bí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì bá ń fà, oníbàárà yóò tún bọ́tìnì tẹ̀, sáfà, kọ̀ǹpútà tí ń gba iṣẹ́ láti orí fóònù, yóò sì kọ owó kan náà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo pàṣẹ fún dátábéèsì pé ẹnì kan kò gbọdọ̀ san ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lóòjọ́, mo sì fi í han ìyá mi pẹ̀lú ìgbéraga díẹ̀.

Wọ́n wò ó títí. Wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ìyá aláta tí kò wá sọ́jà láti ọjọ́ Ajé, tí ó wá fẹ́ san ti ọjọ́ mẹ́ta pọ̀ lónìí ńkọ́? Ṣé kí n lé e padà sílé ni?" Wọ́n fa káàdì kan yọ láti inú báàgì wọn, wọ́n sì fi ìka tẹ ojú kẹsàn-án. "Ojú la ń kà, a kì í ka ọjọ́. Ojú tí mo bá ti fa igi sí, ta ni yóò tún fa igi sí i?"

Mo pa òfin àkọ́kọ́ rẹ́ ní alẹ́ ọjọ́ náà. Èyí tí mo fi rọ́pò rẹ̀ ni pé nọ́ńbà káàdì kan àti nọ́ńbà ojú kan kò gbọdọ̀ jọ wà pọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, àti pé fóònù gbọ́dọ̀ sọ ojú tí owó wà fún kí ó tó fi í ránṣẹ́. Bí oníbàárà bá tẹ bọ́tìnì nígbà mẹ́wàá, ti àkọ́kọ́ nìkan ni yóò wọlé. Olùkọ́ wa pe ohun tí mo ṣe ní idempotency, pé àtúnṣe iṣẹ́ kan náà kò yí àbájáde rẹ̀ padà. Ìyá mi kò gbọ́ orúkọ yẹn rí, ṣùgbọ́n ó ti lé ní ogún ọdún tí wọ́n ti ń fi ọwọ́ ṣe é.

Ó ku ọjọ́ méjì kí n fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ nígbà tí àwọn okùn íntánẹ́ẹ̀tì abẹ́ òkun já nítòsí Abidjan, ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024. WACS, MainOne, ACE àti SAT-3 ni ọ̀rọ̀ náà kàn lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ń bá kóòdù lọ nínú kọ̀ǹpútà mi, nítorí pé gbogbo ohun tí Maven, irinṣẹ́ tí ń kó kóòdù tí iṣẹ́ wa nílò jọ, nílò ti wà lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Fífi í ránṣẹ́ ni wàhálà. Ìgbà mẹ́rin ni ó já sójú ọ̀nà, àyà mi sì ń já pẹ̀lú rẹ̀. Nígbà tí ó wọlé lẹ́ẹ̀karùn-ún ni mo yẹ̀ ẹ́ wò, n kò sì rí ìdajì iṣẹ́ kankan lọ́dọ̀ wọn, nítorí pé Git, irinṣẹ́ tí mo fi ń fi kóòdù ránṣẹ́, kì í sún àmì ẹ̀ka, èyí tí ń fi ibi tí iṣẹ́ dé hàn, síwájú àfi bí ohun gbogbo bá ti dé.

* * *

Mo kí ẹni tí ó kọ ti òkè yìí, ẹ sì bá mi kí ìyá alájọ. Ẹni náà sọ pé iṣẹ́ tí ó dúró lágbede-méjì ni ẹ̀kọ́ náà dá lé. Ní tèmi, ọjọ́ orí ni. Sọ́fítíwià ilé-iṣẹ́ ńlá kì í tètè kú, ẹni tí ó bá sì wọ inú rẹ̀ yóò bá ìjà àwọn àgbà ilé níbẹ̀.

Manchester ni mo wà, ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà ni mo ti ń ṣiṣẹ́, nítorí náà òru ni mo máa ń wo fídíò ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Olùkọ́ inú fídíò kọ javax.persistence, orúkọ àkójọ kóòdù Java tí a fi ń bá dátábéèsì sọ̀rọ̀, èmi náà kọ ọ́. Tirẹ̀ ṣiṣẹ́. Tèmi ní kò sí ohun tí ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo tún un kọ, mo ka lẹ́tà rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo pa kọ̀ǹpútà, mo tún un tàn, ilẹ̀ sì ń mọ́ lọ.

Ọ̀rọ̀ ogún ni, mo wá mọ̀ nígbà tó yá. Sun Microsystems ni ó gbé Java jáde ní ọdún 1995, Oracle sì ra Sun ní ọdún 2010. Ní ọdún 2017, Oracle pinnu láti gbé apá tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ń lò, Java EE, fún Eclipse Foundation, àjọ kan tí ń bójú tó sọ́fítíwià ọ̀fẹ́, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí orúkọ bá ilé lọ. Ẹni tí wọ́n fún nílé wá ń wá orúkọ mìíràn: ní ọdún 2018 ó di Jakarta EE, nígbà tí ó sì di ọdún 2020, javax inú kóòdù di jakarta. Spring Boot 3, irinṣẹ́ tí a fi ń tètè dá iṣẹ́ Spring sílẹ̀, tẹ̀ lé e ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022. Ṣáájú ìgbà náà ni wọ́n ti ká fídíò wa, èmi sì ti gba Spring Boot tuntun sórí kọ̀ǹpútà mi.

Inú bí mi, mo sì sọ gbogbo javax tí mo rí di jakarta lẹ́ẹ̀kan náà. Ni àṣìṣe mìíràn bá tún yọjú! Javax.sql kò sí lára ẹrù tí wọ́n kó jáde. Inú Java gan-an ni ó wà, orúkọ àtijọ́ ni ó sì ń jẹ́ títí di òní. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mo tún tò wọ́n padà, ago márùn-ún àárọ̀ sì lù lé mi lórí.

Mo kọ gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí ilé-ẹ̀kọ́. Ọjọ́ kẹsàn-án ni èsì dé: wọ́n dúpẹ́, wọ́n sì lẹ àlàyé mi mọ́ ìsàlẹ̀ fídíò náà. Fídíò fúnra rẹ̀ ṣì wà bí ó ṣe wà, ẹni tí ó bá sì forúkọ sílẹ̀ ní sáà yìí yóò pàdé javax ní ìṣẹ́jú kejìlá.