Àpótí tó ń tẹ̀ lé máòsì mi kiri

Ẹ kú iṣẹ́ o. Sábó, Ìkòròdú, ni mo ti ń ya àwòrán ilé. Bí mo bá ti fẹ́ fa ìlà, àpótí kékeré kan tó kún fún nọ́ńbà á jókòó lé igun ògiri gan-an! Lánàá, ilẹ̀kùn ìdáná fi 75 mm wọ inú ògiri, ọpẹ́lọpẹ́ bíríkìlà tó tètè rí i. Ó ti sú mi. Ẹ gbà mí.

— Pẹ̀lẹ́, àbúrò. Bó bá jẹ́ AutoCAD, ètò ìyàwòrán orí kọ̀ǹpútà, lo ń lò, tẹ F12. Á pòórá.

— Ẹ̀gbọ́n, ní tèmi o, mo fẹ́ràn kí gígùn ìlà ṣì máa hàn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ béèrè, ẹ kọ DYNMODE, àṣẹ tó ń darí àpótí yẹn, ẹ tẹ Enter, ẹ fi 2 sí i.

— Ó ti ṣiṣẹ́! Mo ti rí igun ògiri mi kedere. Ẹ ṣeun gan-an.