Ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí máíkì àti headphone

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Adó-Èkìtì ni mo wà. Mò ń gba ohùn ìyá àgbà mi sílẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, oríkì ìdílé wa ni wọ́n ń kì, mi ò sì fẹ́ kó sọnù. Máíkì USB ni mo ń lò, Audacity, ètò ìgbohùnsílẹ̀ orí kọ̀ǹpútà, ni mo fi ń gbà á.

Màmá máa ń bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Àmọ́ tí wọ́n bá ti kan orúkọ bàbá wọn, ohùn á ròkè lójijì, á lu 0 dB (ibi tó ga jù tí kọ̀ǹpútà lè gbà), á sì fọ́. Èyí tó bá ti fọ́ bẹ́ẹ̀ kò ṣe é tún ṣe mọ́, ni mo bá fa ìwọ̀n tí máíkì fi ń gba ohùn wálẹ̀ kí ibi tó ga jù má kọjá -12 dB. Ní báyìí, ariwo fáànù kọ̀ǹpútà ló ń bo ibi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Mi ò lè ní kí wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀, oríkì ò dùn bẹ́ẹ̀. Ṣé kí n sún máíkì mọ́ wọn ni, àbí kí n gbé kọ̀ǹpútà jìnnà?

Ti headphone ńkọ́? Tí mo bá ní kí Audacity máa gbé ohùn jáde bó ṣe ń gbà á, ó máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó dé etí, ó sì ń da Màmá rú. Ihò headphone wà lára máíkì náà. Tí mo bá ki headphone bọ ibẹ̀, tí mo sì pa ti Audacity, ṣé ohùn á máa dé lójú ẹsẹ̀?

Ẹni tó bá ti gba ohùn àgbàlagbà rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ iye tí ẹ máa ń fi ìwọ̀n sí fún mi.