CVE já lu package mi, ṣé kí n kàn gbé version tuntun wọ stable?

Ọmọ_Terminal: Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí. Package (software tí wọ́n dì fún ìfisórí kọ̀ǹpútà) kékeré kan wà lọ́wọ́ mi ní Debian, ọ̀kan nínú àwọn Linux, òun ló máa ń ṣí fáìlì àwòrán, àná ni CVE, ìyẹn ìkéde àlébù ààbò tó ní nọ́ńbà, jáde lórí ẹ̀ pé tí wọ́n bá ti dọ́gbọ́n sí fáìlì kan, á lọ máa kọ nǹkan síbi tí kì í ṣe tiẹ̀ nínú memory. Àwọn upstream, ìyẹn àwọn tó kọ software náà gan-an, ti tún un ṣe, àmọ́ inú 2.4 ni wọ́n fi sí, 2.1 ló dẹ̀ wà nínú trixie, ìyẹn Debian 13, stable tí wọn kì í yí nǹkan inú ẹ̀ padà bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣé mi ò lè gbé 2.4 síbẹ̀ kí n lọ sùn ni?

Ìyá_Makefile: Àbúrò, rárá o. Ẹni tó ń lo stable ò bẹ̀ ẹ́ ní nǹkan tuntun, ibi tó jò nìkan ni kó o dí. Kọ́kọ́ wo 2.1 bóyá bug yẹn tiẹ̀ wà níbẹ̀, torí ó lè jẹ́ 2.3 ló bá wọlé. Tó bá wà, yọ commit tí upstream fi tún un ṣe (àyípadà inú code) nìkan, fi sí debian/patches, folda tí àwọn àtúnṣe ń wà. Tèmi lẹ́ẹ̀kan, ìlà mẹ́rin péré ni, àmọ́ wọ́n ti yí orúkọ variable padà, bí mo ṣe jókòó tì í di aago méjì òru nìyẹn, iná dẹ̀ tún lọ. Nọ́ńbà ẹ̀ á di 2.1-3+deb13u1, kọ CVE náà sínú changelog, àkọsílẹ̀ àwọn àyípadà.

Pacman_Ìbàdàn: Ẹ kàn ń da ara yín láàmú ni. Lórí Arch, Linux tiwa, tuntun la máa ń gbé, ó parí.

Ìyá_Makefile: O ti gbàgbé xz, software tó ń fún fáìlì pọ̀, ti March 2024 nìyẹn. Inú 5.6.0 àti 5.6.1 ni backdoor yẹn (ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ tí ẹnì kan fi sínú ẹ̀) wà, ssh (tí wọ́n fi ń wọ kọ̀ǹpútà láti ọ̀nà jíjìn) tó ń pẹ́ díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ ló tú u fó. Àwa ará stable ń sùn, àwọn ará sid (Debian tí nǹkan tuntun kọ́kọ́ ń wọ̀) ń sáré padà sí 5.4.5, "5.6.1+really5.4.5-1" ni wọ́n pè é kí apt, tó ń fi package sórí kọ̀ǹpútà, lè gbà pé tuntun ni 😂

Baba_Debdiff: Ọmọ_Terminal, má tíì upload o. Fi debdiff (fáìlì tó ń fi ìyàtọ̀ package àtijọ́ àti tuntun hàn) ránṣẹ́ sí security team Debian, àwọn ló máa sọ bóyá ó tó DSA (ìkéde ààbò tí wọ́n fi ń gbé àtúnṣe jáde kíákíá) àbí kó dúró de point release, ìyẹn àkójọ àtúnṣe stable tó ń jáde látìgbàdégbà. Tó bá jẹ́ bug tí aráyé ò tíì gbọ́ ni, má tiẹ̀ push ẹ̀ sórí Salsa, ibi tí Debian ń kó code sí, ìta gbangba ni ibẹ̀.

Ọmọ_Terminal: Ẹ ṣé gan-an. Ó wà nínú 2.1 lóòótọ́. Patch wọlé, hunk kan (apá kan nínú patch náà) ló ń ṣagídí, mo ṣì wà lórí ẹ̀.