Àkùnyún kì í ṣe ọ̀rọ̀ oyún

Ẹ̀yin ará ilé, mo kí yín o. Ohun tí bọ̀dá wa tó ń gbé Bódìjà kọ lánàá kò jẹ́ kí oúnjẹ alẹ́ tẹ́ mi lọ́rùn. Ó ní wọn fẹ́ sọ ọmọ-ọmọ òun lórúkọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ó ní òun rí Àkùnyún láàárín àwọn oríkì ìdílé, ló bá tú u sí "a-kún-oyún", ọmọ tí oyún rẹ̀ kún oṣù pé, torí pé ìyàwó ilé ti pàdánù oyún rí kó tó bí èyí. Ọlọ́run á wo ọmọ náà, á wo ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n bọ̀dá wa kò dúró níbẹ̀. Ó ti rọ orúkọ tuntun jáde nínú ẹ̀, ó ní Olúkúnyún, kó lè bá ti ìgbàlódé mu. Olú wo ló kún oyún? Oyún ta ni?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ohùn. Oríkì ọkùnrin ni Àkùnyún, ohùn àwọn oríkì wọ̀nyí kò sì ṣòro fún etí tó bá gbọ́ Yorùbá dàgbà. Àjàní. Àkànmú. Àlàbí. Àyìnlá. Àrẹ̀mú. Àdìsá. Àjàgbé. Dò dò mí ni gbogbo wọn. Ní ti obìnrin, ọ̀rọ̀ ìṣe àárín lè gbé ohùn tirẹ̀ wá, a rí Àjọkẹ́, a rí Àníkẹ́, àmọ́ mí náà ni wọ́n ń parí sí. Bí ẹ bá wá sọ tiwa yìí di Akúnyún, re mí mí, ẹ ti bá irú "apẹja" àti "adáhunṣe" lọ nìyẹn, kì í ṣe ọ̀dọ̀ Àjàní àti Àlàbí. Mo mọ̀ pé ẹnìkan á fò dìde, á ní Ìṣọ̀lá ńkọ́, tí kò fi "à" bẹ̀rẹ̀? Fáwẹ̀lì ló yàtọ̀, ohùn kò yàtọ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Akínwùmí Ìṣọ̀lá, tó filẹ̀ bora n'Íbàdàn ní 2018, oríkì ni orúkọ ìdílé tó ń jẹ́, n kò sì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni fi Olú síwájú ẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ inú ẹ̀. Kùn ni oyin ń kùn, òun ni agbọ́n ń kùn. Yún wá ni èyí tí a ń gbọ́ lẹ́nu gbogbo ọmọ Ìbàdàn tí a kò fi ilé ẹ̀kọ́ bà jẹ́: "Ibo lo yún láti àárọ̀?" Bí ẹ bá ń sin èèyàn rìnnà àjò, ṣé ẹ kì í sọ pé àyúnlọ àyúnbọ̀ lọwọ́ ń yún ẹnu ni? Yún náà nìyẹn. Ẹni tó ń kùn lọ, tó ń kùn bọ̀. N kò rọ èyí. Àlùfáà Samuel Johnson, tó ṣiṣẹ́ ìjọ ní Àrẹ̀mọ n'Íbàdàn ńbí kó tó gba Ọ̀yọ́ lọ, to orúkọ yìí mọ́ oríkì àwọn ọkùnrin nínú ìwé ìtàn Yorùbá tó kọ, ìtumọ̀ tó sì fún un gan-an nìyẹn. Ó parí ìwé náà ní 1897, ó kú ní 1901, 1921 ni wọ́n tó rí i tẹ̀ jáde. Nígbà tó ń kọ ọ́, àwọn tó ń jẹ́ orúkọ náà ṣì wà láyé tí wọ́n ń dáhùn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn mí jù rèé. Johnson yẹn kan náà ní oríkì ọkùnrin, ti akin àti ti agbára ni. Ti obìnrin, ti ìkẹ́ àti ìyìn. Ó túmọ̀ Àjàní sí ẹni tó jà kó tó ní. Ọmọ ló jà. Ẹ wá bi ẹnikẹ́ni ní Bẹẹrẹ lónìí, wọn á ní Àjàní ni ọmọ tí a jà kí a tó ní. Òbí ti gba ìjà mọ́ ọmọ lọ́wọ́! Gbogbo orúkọ ti di ìjẹ́rìí ohun tí ojú òbí rí: a jà, a sunkún, a gbààwẹ̀, oyún bàjẹ́, oyún dúró. Ọmọ tí a ń sọ lórúkọ kò ní nǹkan kan tó ṣe nínú orúkọ ara rẹ̀. Oyún tí bọ̀dá wa kì bọ Àkùnyún, ibẹ̀ ló ti wá.

Ẹni tó bá fẹ́ bá mi jà lórí "à" yìí, mo mọ ohun tó máa mú bọ̀. Á ní àfòmọ́ olóhùn ìsàlẹ̀ yìí, ohun tí a ṣe ló ń sọ, kì í sọ ẹni tó ṣe é: àjẹkù kọ́ ló jẹun, àkọsílẹ̀ kọ́ ló kọ̀wé, nínú Àbẹ̀ní sì rèé, àwa la bẹ̀, kì í ṣe ọmọ. Mo gbà fún un dé Àbẹ̀ní. Àmọ́ kó wá tú Àkùnyún báyẹn fún mi: ọmọ tí a kùn kí a tó yún? Ta ló kùn? Níbo la yún? Ó di dandan kó jẹ́ ọmọ ló ń kùn, ọmọ ló ń yún. Bó bá sì rí bẹ́ẹ̀ fún Àkùnyún, kí ni kò ní jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ fún Àjàní àti Àjàgbé?

Ọmọdékùnrin tó ní kùn inú ìkùnsínú ni, pé orúkọ aláròyé ni, mi ò ní fi òru ṣòfò lórí tìẹ. Ìkùnsínú, inú ló ń gbé, òun la fi ń pè é bẹ́ẹ̀. Èyí ń yún, ó ń bọ̀, gbogbo àdúgbò ń gbọ́.

Ìyá wa ní Kúdẹtì ló ní ọ̀rọ̀. Wọ́n ní Àkùnyùn ni, dò dò dò, pé "yùn" tó parí ẹ̀, ìró kíkùn náà ni, kì í ṣe lílọ, bẹ́ẹ̀ ni àwọn èèyàn baba àwọn sì ṣe ń pè é. Ìyá mi, mo dọ̀bálẹ̀. Ṣùgbọ́n oríkì ọkùnrin kan péré tó parí sí ohùn ìsàlẹ̀, ẹ fún mi ní ìkejì ẹ̀ kí n lè sùn. Èmi náà ní etí tí mo fi gbọ́ tèmi. Ìyá àgbà mi ń ta aṣọ òfì ní Òjé, ọmọkùnrin kan sì wà tó máa ń bá wọn ru ẹrù òfì. Ràímì ni gbogbo ọjà mọ̀ ọ́n sí. Bí wọ́n bá pe Ràímì, á jẹ́ hòo láti òkèèrè, á sì máa bá tiẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá pọ̀, ìyá àgbà á fi òfì tí wọ́n ń ká lọ́wọ́ sílẹ̀, wọn á ní, "Àkùnyúuún!", wọn á fa ìparí ẹ̀ lọ sókè títí. Ràímì á ti wà níwájú wọn, á ti dọ̀bálẹ̀, orí ẹ̀ á ti wú. Àwa ọmọdé kò jẹ́ dán an wò. Ta ló bí ẹ tí wàá máa fi oríkì pe ẹni tó jù ọ́ lọ? Ìyá wa ní Kúdẹtì á ní etí àwọn dàgbà ju tèmi lọ. Bẹ́ẹ̀ ni. Síbẹ̀, mi ò tíì rí ìkejì yẹn gbà.

Wọ́n tún bi mí ìdí tí Àyìndé fi pọ̀ nílẹ̀ tí Àkùnyún kò pọ̀. Ṣé ẹ kò gbọ́ rẹ́kọ́ọ̀dù ni? Síkírù Àyìndé Barrister kọrin, Wàsíù Àyìndé kọrin, Àyìnlá Ọmọwúrà kọ tiẹ̀ títí ikú fi mú un ní 1980. Àlàó bọ́ sórí ìwé ìbò ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ó jókòó sí ilé ìjọba ní Agodi pẹ̀lú Àlàó-Akálà láti 2007 sí 2011. Àkùnyún kò ní olórin, kò ní gómìnà. Rẹ́jísítà ilé-ìwé ló wá parí ọ̀rọ̀. Orúkọ ọmọ àti orúkọ baba ni tíṣà ń béèrè. Mo ṣe tíṣà Yorùbá n'Íbàdàn títí mo fi fẹ̀yìntì, mo mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́. Oríkì tó bá ráyè di orúkọ baba, irú Àjàní, irú Àlàbí, ó là á já. Èyí tí kò bá ráyè wà lẹ́nu ìyá àgbà nìkan, bí ìyá àgbà bá sì ti lọ, akunyun inú ìwé ìdílé ló kù, kò lámì lórí, kò lámì nísàlẹ̀, kí ẹni tó bá wù ki oyún bọ̀ ọ́ sínú.

Bọ̀dá Bódìjà, ẹ má bínú sí mi. Ẹ jẹ́ kí àwọn òbí ọmọ kọ orúkọ tó wù wọ́n sínú ìwé ìbí. Ẹ sọ fún àgbàlagbà tó bá kọ́kọ́ gba ọmọ náà mọ́ra lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ kó pè é ní Àkùnyún, kó gbé ohùn ìparí ẹ̀ sókè. Olúkúnyún yẹn, ẹ dá a padà síbi tí ẹ ti rọ ọ́.

Ọ̀gbẹ́ni tó sì ní "orí" àti "kì" ló bí "oríkì", mo ṣì ń bọ̀ wá bá a. Kó máa wá orí tí wọ́n kì sílẹ̀ dè mí.